Bọ́tìnnì Tí Kò Rí Ààyè

Ẹ má bi mí léèrè bóyá ara ọkùnrin tó ń jókòó ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi ti yá. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Kò yá. Ó ń wá síbi iṣẹ́, ó ń kí èèyàn, tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ á jẹ ẹ́, àmọ́ kò yá, mi ò sì rí ohun tó máa mú un yá. Màá sọ bó ṣe jẹ́. Ẹni tó bá ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, kó gbé e wá.

Atòmádàrú la máa ń pè é. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, torí pé kó tó tan kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó ti bá mi to gbogbo bíírò orí tábìlì mi, láti orí èyí tó gùn jù dórí èyí tó kúrú jù. Mo bú u, ó rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe ni ọ́fíìsì wa wà. Bí wọ́n bá ti ń lu irin nísàlẹ̀, ife tíì á máa rìn lórí tábìlì, òun nìkan ló sì máa ń dìde láti dá ife kálukú padà sí àyè rẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni pé ká kọ ohun tó máa ń yọ lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nígbà téèyàn bá ṣí ojú ìwé ìtajà kan, tàbí ti ilé ìwòsàn. Àwọn kan nínú wa ló ń kọ bó ṣe máa ṣírò, àwọn mìíràn ń kọ bó ṣe máa rántí nǹkan. Ti Atòmádàrú ni títò: ibi tí àwòrán máa jókòó sí, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa jìnnà sí etí tó, èyí tó máa wà lókè àti èyí tó máa wà nísàlẹ̀. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé rárá. Fóònù kan fẹ̀, òmíràn rí pẹlẹbẹ, òmíràn ti fọ́ lójú, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kí nǹkan jókòó dáadáa.

Ẹni tó bá ń kọ èdè kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Dípò kó máa sọ níbi gbogbo pé wọn ibí, wọn ọ̀hún, pín ìyókù sí méjì, gbé àwòrán sáàárín, á kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fún un lórúkọ, láti ọjọ́ náà lọ orúkọ yẹn nìkan ló máa pè. Ọmọ-iṣẹ́ la máa ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, torí pé rírán là ń rán an. Atòmádàrú lọ́mọ-iṣẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó ní Fi-sáàárín, ó ní Fààyè-sílẹ̀, ó ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Má-fara-kanra tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì gun ara wọn. Bó bá ń pè wọ́n lẹ́nu, ẹ máa rò pé àwọn ọmọ kan ń bẹ nílé rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kò láya, kò lọ́mọ.

Tèmi ni kí n máa ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, èmi ni màá tẹ ibi tí kò yẹ kéèyàn tẹ̀, màá kọ ìkọkúkọ sínú rẹ̀, màá ṣí i lórí fóònù àtijọ́, títí yóò fi wó. Àléébù ni mo fi ń jẹun. Wọn ò fẹ́ràn mi níbẹ̀, mi ò sì torí kí wọ́n fẹ́ràn mi wá síbẹ̀. Òun nìkan ló máa ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," tí mo bá gbé àṣìṣe rẹ̀ wá bá a.

Ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Bàbá ti kú tipẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ni ìyá náà bí. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyá yìí ló ń kéde ọkọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Èmi fúnra mi mọ ohùn rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n lójú: ohùn tó ga, tó mọ́, tó máa ń sọ fún gbogbo wa pé ọkọ̀ ti ń bọ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé nílé náà, bó bá ní kí wọ́n wá jẹun, àwọn ará ilé kejì á kọ́kọ́ dìde.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gba ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fọ abọ́. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì lọ pátápátá. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun téèyàn bá sọ, ó mọ ohun tó fẹ́ fèsì, ọ̀nà ẹnu ló dí. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ti bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, tí kò wá lè ní kí wọ́n fún òun lómi.

Atòmádàrú ò lè rí i bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Ó wá tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ó kọ ohun tó máa wà lójú rẹ̀: àwọn bọ́tìnnì ńláńlá, tòun ti àwòrán. Bí ìyá bá fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀kan, tábúlẹ́ẹ̀tì á bá a sọ ọ́. "Fún mi lómi." "Yí mi padà." "Ti fèrèsé." Ó fi "Ariwo yín ti pọ̀ jù" sí i, torí ó mọ ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló yá gbogbo wọn ní ohùn. Ohùn ọmọbìnrin yẹn àti ti ìyá rẹ̀ ò yàtọ̀ rárá. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí nínú yàrá kó má bàa sí ariwo, ó ń sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tó kan "Pe àbúrò rẹ fún mi," ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi ni mo tún ń ránṣẹ́ pe ara mi ni?" Wọ́n gé ìyẹn kúrò, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà ṣẹ́ kù sí ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀ níparí.

Ọmọbìnrin náà ló tọ́jú ìyá nígbà tí àìsàn náà ṣì gbóná. Lẹ́yìn náà, ó ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìnnà, ibi téèyàn máa sùn sójú ọ̀nà kó tó dé. Ó fẹ́ lọ. Ta ni kò ní lọ? Ṣùgbọ́n Atòmádàrú tí kì í bínú, ọjọ́ tó máa bínú, inú bí i dé góńgó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, pẹ̀lú ìgbéraga pàápàá. Ó ní òun sọ fún un pé, "Máa lọ. Tó o bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, o ò ní ìyá níbí mọ́, o ò sì lẹ́gbọ̀n-ọ́n." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ wọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà ní yàrá kejì níbi tí wọ́n ti ń fi iná sí i. Kò rí nǹkan kan tẹ̀ láti fi dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kun.

Àbúrò lọ. Ó pè, ẹ̀gbọ́n ò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Mo máa ń rí i tí fóònù bá dún lórí tábìlì rẹ̀, á yí i dojú délẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní, "Gbé e, jàre, àbúrò ẹni ni." Ó ní, "Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀." Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ò pè mọ́.

Ìyá ò mọ èyí. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá ti wọlé, á tẹ bọ́tìnnì náà. "Pe àbúrò rẹ fún mi," tòun ti ẹ̀rín ìdí rẹ̀. Atòmádàrú á ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dí, Màmá. Tó bá ráyè, á pè." Ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ìyá ò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kéde ọkọ̀ ti mọ ìgbà tí ọkọ̀ kan ò ní wá.

Ojú ìyá ló tún gbé tiẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìríran rẹ̀ ń ṣú. Dókítà ní kí wọ́n mú kí àwòrán inú tábúlẹ́ẹ̀tì tóbi sí i. Bí wọ́n bá tóbi, ṣé gbogbo wọn á gbà lójú kan? Atòmádàrú jókòó, ó kọ ọmọ-iṣẹ́ tuntun, ó sọ ọ́ ní Jẹ́-ó-gbà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Jẹ́-ó-gbà á kó gbogbo bọ́tìnnì jọ, á wo èyí tí ìyá ń tẹ̀ jù, á gbé e sókè, á tò wọ́n wálẹ̀ títí dórí èyí tí kò tẹ̀ mọ́, á sì mú wọn tóbi bí dókítà ṣe wí. Èyí tí ààyè kò bá gbà, á fi í sílẹ̀. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi í sílẹ̀. Á kàn fi í sílẹ̀ ni.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo wa la gbọ́ òwe yẹn dàgbà. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ọ. Ọmọ gidi tí ẹ bá ní kó to ìjókòó sínú yàrá, tí ọ̀kan ò bá gbà, á padà wá sọ fún yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan ṣẹ́ kù síta o." Jẹ́-ó-gbà ò ní ẹnu tó lè fi sọ ìyẹn, torí pé ẹni tó kọ ọ́ ò fún un.

Inú Atòmádàrú dùn sí i débi pé ó gbé e wá síbi iṣẹ́. Ó ń fi í to ọjà àwọn oníbàárà wa. Láìpẹ́, ọkùnrin kan tó ń ta bàtà kígbe wá pé bàtà òjò òun kì í yọ. Mo ṣí ojú ìwé rẹ̀ lórí fóònù kékeré, lóòótọ́, bàtà òjò tó wà ní ìparí ti pòórá, ibi tó yẹ kó wà rí funfun báláú. Mo gbé e lọ bá Atòmádàrú. Mo ní, "Ọmọ-iṣẹ́ rẹ ń da nǹkan nù."

Ó ní, "Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rà ló ń dà nù, Àǹtí. Ta ló ń wo ìsàlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ ra bàtà òjò." Ó ní òun á tún un ṣe. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló sì ń sọ fún gbogbo wa pé iyè ìyá òun ti ń ra. Ó ní ibi tí kò sí nǹkan kan lójú tábúlẹ́ẹ̀tì ni ìyá ń fi ìka tẹ̀ ṣáá. Ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ kó máa dún pín-ín tí ìka bá kan ibi tó ṣófo, kí ìyá lè mọ̀ pé òun ṣì í tẹ̀. Pín-ín, pín-ín, láti àárọ̀ títí alẹ́, ó sú télọ̀ tó ń bá wọn jókòó ti ìyá lójúmọmọ. Ni Atòmádàrú bá kọ ọmọ-iṣẹ́ mìíràn, Dákẹ́, kó má dún mọ́. Ó ń sọ ọ́ fún wa, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wa. Ẹni tí iyè rẹ̀ bá ti ra, kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún un?

Kò wá síbi iṣẹ́ mọ́ nígbà tí ìyá ò jẹun dáadáa mọ́. Oníbàtà ò yé kígbe. Ọ̀gá wa ní kí n lọ bá a nílé, kó bá wa tún ọ̀rọ̀ bàtà òjò náà ṣe látorí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán èèyàn lọ sílé aláìsàn. Mo bú ọ̀gá nínú mi, mo gbéra.

Yàrá ìyá mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òwú já sílẹ̀ káàkiri ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà létí ògiri, ife omi tòun ti ìfàmu wà lórí àpótí, tábúlẹ́ẹ̀tì sì dúró lórí igi kan tí Atòmádàrú fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó tẹ̀ síwájú kí ojú ìyá lè bá a. Mo kí ìyá. Ẹ ti máa mọ̀ báyìí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra kí èèyàn. Ìyá wò mí, ó gbé ìka, tábúlẹ́ẹ̀tì sì ní, "Ariwo yín ti pọ̀ jù." Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ṣé ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ yìí?

Lẹ́yìn náà, ìka yẹn lọ sí ìsàlẹ̀, ní igun ọ̀tún, ibi tó funfun. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó dún. Ó gbé ìka, ó sinmi díẹ̀, ó tún tẹ ojú kan náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n títí kó tó débẹ̀, ó sì ń débẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Mo ti fi ìka mi tẹ ohun tí kò yẹ kéèyàn tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ìka tó ń ṣìnà, mo sì mọ ìka tó ń wá nǹkan. Ìka tó ń ṣìnà máa ń rìn káàkiri ni.

Mo pe Atòmádàrú. Mo ní, "Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Níbo?"

"Ibi tí Màmá ń tẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Àǹtí. Mo ti sọ fún yín."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó o tó kọ Jẹ́-ó-gbà."

Ó lọ gbé kọ̀ǹpútà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn lára ògiri, ó ń wá a. Mo rí i nígbà tó rí i. Gbogbo ojú rẹ̀ ṣá.

Mo ní, "Kí ni?"

Ó ní, "'Pe àbúrò rẹ fún mi.'"

Télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ìyá ń wò wá. Mo bínú sí ọmọkùnrin yẹn débi pé mo fẹ́ gbá a létí níwájú ìyá rẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀. Mo ní kó wo ojú mi kó sọ ọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀." Mo gbà á gbọ́, títí dòní mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wù ú kó má gbọ́ mọ́ ni ẹ̀rọ bá a gbé kúrò, ìdí sì nìyẹn tí kò fi wá a.

Ó sọ Jẹ́-ó-gbà nù. Kò to nǹkan kan mọ́, ó kó gbogbo bọ́tìnnì yòókù kúrò, ó fi ọ̀kan ṣoṣo yẹn kún ojú tábúlẹ́ẹ̀tì láti etí dé etí, kí ìka ìyá má lè tàsé rẹ̀. Ìyá gbé ìka, ó tẹ̀ ẹ́.

"Pe àbúrò rẹ fún mi." Ẹ̀rín díẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Atòmádàrú ti wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wí pé, "Màmá, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń pè é." Ìyá ò wò ó. Bọ́tìnnì ló ń wò, ó sì ń tẹ̀ ẹ́.

Atòmádàrú pe àbúrò rẹ̀. Ó dún títí, kò gbé e. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ó tún pè, kò gbé e. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Màmá ń béèrè rẹ, jọ̀ọ́, máa bọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, èsì dé: Mo ti wọ ọkọ̀. Kò sí ìkíni nínú rẹ̀.

Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, tó sọ ọ́ sí i létí pé, "Ó ti wọ ọkọ̀, Màmá. Ó ń bọ̀." Ìyá di ojú, ó la ojú. Ó gbé ìka, ó tẹ bọ́tìnnì. "Pe àbúrò rẹ fún mi." Ó ní, "Mo ti pè é, Màmá. Ó wà lọ́nà." Ìyá tún tẹ̀ ẹ́. Kò yé wa lójú ẹsẹ̀. Bóyá ó ń dúpẹ́ ni, bóyá omi ló fẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó kúnlẹ̀ yìí, àmọ́ ìyẹn nìkan ló wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Kò sí bọ́tìnnì mìíràn tó lè tẹ̀. Nígbà tí Atòmádàrú fi máa rántí dá àwọn yòókù padà, ó ti rẹ ìka náà.

Ìyá kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wẹ́rẹ́, télọ̀ ń nu ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì wà lójú irin.

Mo padà lọ bá wọn jókòó, èmi ni mo sì ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó dé. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ rẹ̀, torí ohùn ló fi kí mi. Nǹkan ńlá ni kéèyàn gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé tí olóhùn náà ti kú sí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó rí ojú mi, ó rí ìjókòó tí wọ́n tò sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó sunkún dáadáa. Lẹ́yìn tó sunkún tán, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró ti ògiri bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fìyà jẹ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní Màmá ń béèrè mi."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ó lè purọ́. Mo ń wò ó, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó purọ́, kó ní àná, kó ní ìjẹta. Èmi tí mo ń fi àléébù jẹun, mo fẹ́ kí wọ́n bo èyí mọ́lẹ̀.

Atòmádàrú ní, "Láti ọjọ́ tó o ti lọ."

Ọmọbìnrin náà ò kígbe. Ó ní kí wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́, ó wá bọ́tìnnì náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó pa á. Nígbà tí a sin ìyá tán, tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló mú nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé, ó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láìní kí ẹnikẹ́ni sìn ín.

Atòmádàrú padà síbi iṣẹ́. Ó tún Jẹ́-ó-gbà kọ. Nísinsìnyí, tí nǹkan kan ò bá rí ààyè, gbogbo ojú ìwé á dúró gbagidi, á máa kígbe pé ẹnì kan ṣẹ́ kù síta. Àwọn oníbàárà ń bínú, ọ̀gá ń bínú, ó ní kó dá a padà sí bó ṣe wà. Ó ní òun ò ní dá a padà. Wọ́n lè lé e lọ́la, kò kàn án. Bàtà òjò ọkùnrin yẹn ń yọ lórí fóònù gbogbo.

Lójoojúmọ́, tí àwọn yòókù bá dìde lọ jẹun, èmi àti òun nìkan la máa ń jókòó. Á gbé fóònù, á pe àbúrò rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà, tó ń dún, tó ń dún, títí á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Á wá gbé e sórí tábìlì, kò ní yí i dojú délẹ̀, á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo máa ń ní mo ti jẹun.